Nítorí Àwọn Arákùnrin Mi

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 122
Ẹsẹ àkọ́sórí: "Nítorí àwọn arákùnrin mi àti àwọn ẹgbẹ́ mi, èmi ó wí nísinsìnyí pé, kí àlàáfíà kí ó wà nínú rẹ." (Ẹsẹ 8)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹsẹ kẹfà Orin Dáfídì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí olùdarí àdúrà bá ti ní ká gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù, gbogbo ìjọ ti mọ ohun tó kàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2023, àdúrà ọ̀pọ̀ nínú wa ti dà bí ariwo àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. A ti mú ẹgbẹ́ kan, a wá ń retí kí ìkejì fìdí rẹmi. Onísáàmù kò dúró ní ẹsẹ kẹfà. Ó sọ ìdí tó fi ń tọrọ àlàáfíà: nítorí àwọn èèyàn tó wà nínú ìlú náà, àwọn tó pè ní arákùnrin.

Ta wá ni arákùnrin wa níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ Kristẹni nílẹ̀ wa ló rò pé Mùsùlùmí ni gbogbo ará Palẹ́sìtínì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn JP tó wà nínú ìjọ yín, àwọn tó ti rìnrìn àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Kò sí bí wọ́n ṣe dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí wọn ò ní rí ògiri gíga tí Ísírẹ́lì mọ síbẹ̀, àti ibi tí àwọn sójà ti ń yẹ èèyàn wò. Àgbélébùú igi ólífì tí wọ́n rà bọ̀ wálé ńkọ́? Àwọn Kristẹni Palẹ́sìtínì ló ń gbẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni. (Mo fẹ́ràn àwọn JP wa o, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti bí Olúwa.)

Ìjọ wà ní Gásà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alaalẹ́ ni Póòpù Francis ń fi fóònù pe ìjọ Kátólíìkì Ìdílé Mímọ́ tó wà níbẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún yẹn, ohun ìjà Ísírẹ́lì ba ilé ìjọsìn náà, èèyàn mẹ́ta kú, àlùfáà ìjọ sì fara gbọgbẹ́. Ísírẹ́lì ní àṣìṣe ni. Ilé ìwòsàn al-Ahli wà nínú ìlú yẹn kan náà. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ ní 1882, CMS tó rán Henry Townsend sí Abẹ́òkúta, tó kọ́ Àjàyí Crowther níṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Lónìí, Ìjọ Áńgílíkà ti Jerúsálẹ́mù ló ń bójú tó o, ìdájí Ọjọ́ Ọ̀pẹ ọdún 2025 sì ni bọ́ǹbù Ísírẹ́lì já lù ú. Ẹ̀yin Ìyá Ìjọ Áńgílíkà, ọmọ ìyá yín ni ilé ìwòsàn yẹn.

Arákùnrin wa ni àwọn Júù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Hamas, ẹgbẹ́ ológun Palẹ́sìtínì, àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn pa nǹkan bí 1,200 èèyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó 251 lọ sí Gásà. Vivian Silver wà lára àwọn tí wọ́n pa, ní Be'eri, abúlé Ísírẹ́lì kan nítòsí Gásà. Ẹni ọdún 74 ni ìyá yìí, ó sì máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn láti ibodè Gásà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ísírẹ́lì. Ogun tí Ísírẹ́lì wá gbé lọ sí Gásà ti pa ju 60,000 èèyàn lọ, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ti kà á. Ẹni tó bá sunkún òkú apá kan, tó di etí sí igbe apá kejì, ẹsẹ kẹjọ kò tíì yé e.

Ọlọ́run sì ti ní àwọn tirẹ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá yẹn gan-an ni wọ́n pa bàbá àti ìyá Maoz Inon, Júù ọmọ Ísírẹ́lì. Aziz Abu Sarah, ará Palẹ́sìtínì, ti pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré, nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ lẹ́wọ̀n Ísírẹ́lì. Aziz ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí Maoz. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Verona, ní Ítálì, Póòpù Francis sì gbá wọn mọ́ra. Láàárín tiwa níbí, ìjà ààlà ilẹ̀ lásán ti mú ọmọ bàbá kan náà yan ara wọn lódì títí dójú ikú! Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì pàápàá jọ sin Ábúráhámù ní ihò Mákípélà (Jẹ́nẹ́sísì 25:9). Hébúrónì ni ibẹ̀ wà dòní. Àwọn Júù ń gbàdúrà lápá kan, àwọn Mùsùlùmí lápá kejì, sójà sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kí wá ni ẹgbẹ́ ìjọ lè ṣe? Láti ọdún 2002 ni Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Lágbàáyé ti ń rán àwọn onígbàgbọ́ lọ gbé ní ilẹ̀ Palẹ́sìtínì fún oṣù díẹ̀, nítorí pé àwọn olórí ìjọ ní Jerúsálẹ́mù bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń sin àwọn ọmọdé lọ síléèwé, wọ́n ń bá àgbẹ̀ lọ ká ólífì, wọ́n ń kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀. Gbogbo wa kọ́ ló máa lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rìnrìn àjò mímọ́ lè bẹ àwọn tó ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ́sìn pẹ̀lú ìjọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kì í ṣe ká ya fọ́tò ká sì wọkọ̀. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ lè gba ọrẹ fún al-Ahli nípasẹ̀ dáyósíìsì. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ lè ka ìtàn Parents Circle, níbi tí àwọn òbí Júù àti ti Palẹ́sìtínì tí ogun gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ti ń jókòó pọ̀; ọdún 1995 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Gbohùngbohùn àdúrà ìdájí wa náà ńkọ́? Ìyá Àlájà tó wà lójúlé kejì, àbúrò bàbá wa ni. Bí a bá ń fi orúkọ Gásà ṣépè lórí gbohùngbohùn, òun náà ń gbọ́. Ìjà tí kò sí nínú ìdílé wa, ẹ má jẹ́ ká fi àdúrà gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, dárí jì wá tí a fi inú wa dùn sí ikú àwọn tí ìwọ dá.

Tu àwọn òbí nínú, ní Be'eri àti ní Gásà. Àwọn tí ilé wó mọ́ tí a kò tíì rí òkú wọn sin, rántí àwọn ará ilé wọn.

Olúwa, mú ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì al-Ahli le. Pèsè oògùn, pèsè omi, pèsè iná fún wọn.

Ọmọ Aládé Àlàáfíà, fi ìbẹ̀rù rẹ sọ́kàn àwọn aláṣẹ Ísírẹ́lì, àwọn olórí Palẹ́sìtínì àti àwọn ìjọba tó ń tà wọ́n ní ohun ìjà. Jẹ́ kí àgbẹ̀ lè ká ólífì rẹ̀ láìsí ẹni tó máa lé e, kí ọmọ Júù lè sùn láìgbọ́ ariwo rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Má jẹ́ kí ó rẹ Maoz àti Aziz. Fi irú wọn kún wọn.

Kí o sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí a ń bá ṣọ̀tá nínú ẹbí, fún wa ní agbára láti pè é lónìí. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.