Iná Ti Wà Létí Òkun

Bíbélì kíkà: Jòhánù 21:1-14

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ sùn dáadáa, mo bá yín dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ máa ń gbàdúrà lórí fóònù láràárọ̀. Bó bá ti di aago márùn-ún ààbọ̀, ó lè pè mí, mo sì lè pè é. Kì í ṣe àdúrà gígùn. Nígbà mìíràn, oorun ṣì máa ń wà lójú àwa méjèèjì, a ó kàn sọ pé, "Olúwa, a dúpẹ́," yóò bi mí pé, "Ṣé o ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ṣá?", kálukú á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Nígbà tó kú, mo sunkún níbi ìsìnkú bí gbogbo èèyàn ṣe sunkún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ló le jù fún mi. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Áláàmù dún, mo nawọ́ gbé fóònù, mo sì ti ń wá orúkọ rẹ̀ kí ojú mi tó là tán. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí orúkọ náà kí n tó rántí. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Áláàmù ò dákẹ́.

Inú àwọn nǹkan kéékèèké ni ọ̀fọ̀ máa ń lúgọ sí. Àga kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé mọ́. Ọ̀nà tí ẹ jọ máa ń rìn. Àwàdà kan tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo láyé ló lè bá ọ rẹ́rìn-ín sí i. Kì í sì í ṣe ikú nìkan. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Èèyàn lè kó kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáni lóhùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, láìjà, láìta. Àwọn àgbà sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n kò ní kó má dunni. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ kò ní ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kì í wá kí ni pé ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Júdásì ti lọ, ọ̀nà tó sì gbà lọ burú. Olúwa wọn kú, Ó sì jíǹde, wọ́n ti rí I, ṣùgbọ́n kò sí láàárín wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n jí kí wọ́n bá A níbẹ̀, kí wọ́n jọ gbéra ìrìn. Ibẹ̀ ni Pétérù wà tó fi sọ pé òun ń lọ pẹja. Àwọn tó kù ní àwọn náà ń bá a lọ.

Mo ti gbọ́ ìwàásù tí wọ́n fi bá Pétérù wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ó ti padà sẹ́yìn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. N kò rí ibi tí Jésù ti bá a wí nítorí pé ó lọ sódò. Ọkùnrin kan ni mo rí tí ọkàn rẹ̀ wúwo, tó wá gbé iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ látijọ́. Ìwọ tí gbogbo agbára rẹ lónìí kò ju kí o tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o wẹ̀, kí o wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Lọ pẹja rẹ.

Ẹ sì wo àwọn tó bá a lọ. Gbogbo wọn jẹ́ méje: Pétérù, Tọ́másì, Nàtáníẹ́lì, àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì, àti àwọn méjì mìíràn tí Jòhánù kò dárúkọ. Àwọn méjì yẹn wù mí púpọ̀. A kò gbọ́ pé wọ́n dá Pétérù lẹ́kun, a kò gbọ́ pé wọ́n wàásù fún un. Wọ́n wọ ọkọ̀ ni. Wọ́n sì wà níbẹ̀ ní gbogbo òru tí wọn kò fi rí ẹja kan ṣoṣo mú.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ náà wọ ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ méje, òru méje, wọ́n bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. A máa ń yára sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé Olúwa ló fúnni, Olúwa ló sì gbà á. Ẹ rántí pé ẹnu Jóòbù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, kì í ṣe ẹnu àwọn tó wá kí i. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá lè sọ ọ́. Má ṣe sọ fún un pé ẹkún ti tó. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Pè é, bi í bóyá ó ti jẹun. Pè é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí fóònù rẹ̀ kò bá dún mọ́. Kí o sì máa dárúkọ ẹni tó lọ. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi ní èyí. Mo ti ń yẹra fún orúkọ náà níwájú rẹ̀, mo rò pé àánú ni mò ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ ọkọ mi. Ó dà bíi pé gbogbo yín tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Nígbà tí ilẹ̀ wá ń mọ́, Jésù dúró létí òkun, wọn kò sì mọ̀ pé Òun ni. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní nǹkan jíjẹ, wọ́n ní rárá. Ìdáhùn wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì bínú. Bí ohun tí o ní fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí kò bá ju "rárá, n kò rí nǹkan kan mú" lọ, sọ ọ́ fún Un bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sunkún níbi ibojì Lásárù, tó sì mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde, kò ní fi omijé rẹ ṣẹ̀sín.

Ẹja 153 ni wọ́n kó, àwọ̀n ò sì ya. Àmọ́ ẹsẹ 9 ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, iná ẹ̀yín ti wà nílẹ̀, ẹja ti wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì sì wà pẹ̀lú. Wọn ò tíì mú ẹja tiwọn wá. Jésù ti dáná dè wọ́n. Létí iná ẹ̀yín bẹ́ẹ̀ náà ni Pétérù ti sẹ́ Ẹ lọ́jọ́sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀bi wà nínú ọ̀fọ̀ wa, ìpè tí a kò gbé, ọ̀rọ̀ líle tí a kò rí àyè tọrọ àforíjì lé lórí. Pétérù náà gbé tiẹ̀ wá síbi iná yẹn. Ọ̀rọ̀ tí Jésù fẹ́ bá a sọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oúnjẹ ló fi í sí. Kó tó bá a sọ ọ́, Ó ní kí wọ́n wá jẹun.

N kò tíì pa áláàmù aago márùn-ún ààbọ̀ yẹn. Ó ṣì ń dún. Mo máa ń fi dìde, mo máa ń fi orúkọ pe ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, lẹ́yìn náà n ó wẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ṣì máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fúngbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa, a dúpẹ́ fún ojúmọ́ tó mọ́, àní fún ojúmọ́ tí kò wù wá kó mọ́.

Olúwa, gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ nà wá ẹnì kan láàárọ̀ yìí tí kò bá a, di ọwọ́ náà mú. Má jẹ́ kí ìbànújẹ́ gbé e mì. Fún un ní oorun lálẹ́, fún un ní agbára láti jẹun, rán ẹnì kan sí i kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ní orúkọ Jésù.

Ẹni tí ọ̀rẹ́ fi sílẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó wà níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, Olúwa, fi ojú rere wò ó. Ọ̀rẹ́ tí kò ṣe mọ́, ràn wá lọ́wọ́ ká lè máa fi ire rántí rẹ̀.

Dárí jì wá fún ìpè tí a kò gbé. Dárí jì wá fún ọ̀rọ̀ tí a fi ki ọgbẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nígbà tó yẹ ká dákẹ́. Sọ wá di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Jésù Olúwa, ilẹ̀ ti mọ́, a sì ń lọ síbi iṣẹ́ wa. Bá wa lọ. Àmín.