Fóònù Tí Ń Béèrè Àlàáfíà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ ní Ìlọrin nìyí. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tó ń tọ́jú káàdì àti fáìlì, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí ìwádìí ti rí nípa fóònù àti kọ̀ǹpútà nínú ìtọ́jú aláìsàn. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀fà ni n ó gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Màmá yìí ti lé ní 70 ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọ́n fi rọ́bà dè é lẹ́yìn kí bátìrì má baà yọ bọ́. Ilé ìwòsàn kan gba nọ́ńbà wọn, ó ní òun yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán wọn létí oògùn. Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn, wọ́n na fóònù sí mi: "Bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí. Ọmọ yìí kà á fún mi, ó ní kí n lọ oògùn ni wọ́n wí." Mo wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "E lo oogun yin ni owuro." Ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní kíláàsì kẹta ti kà á bó ṣe yé e. Màmá sì ti gbé ọlọ kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lọ oògùn tó yẹ kí wọ́n gbé mì lódindi, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná mu.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ti ń mirí. Ẹ mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá lọ irú rẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ti màmá kì í ṣe irú èyí. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya "lo oògùn" kúrò lára "lọ oògùn", àmì náà kò sì dé inú fóònù wọn.

Kí ló dé tí wọn kò fi í sí i? Mo kọ́kọ́ rò pé àìbìkítà ni. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì ti pẹ́. Àmì 128 péré ni àwọn tó ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ ní Yúróòpù kó sínú rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. È, é, à, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí àwọn èdè tiwọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá dúró sínú àwọn 128 wọ̀nyẹn ń gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹyọ ọ kan ṣoṣo kún un, ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn ni gbogbo rẹ̀ á bá lọ, àyè á sì dín kù sí 70. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ á wá di méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá aláìsàn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú owó. Bí wọ́n ṣe yọ àmì kúrò nìyẹn, tí màmá mi fi gbé ọlọ kalẹ̀.

Ohun mìíràn tí kò bá tiwa mu dáadáa ni ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há ìka aláìsàn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé iye tí ẹ̀rọ náà ń kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ibi tí ẹ̀rọ ti ní kò séwu, tí ẹ̀jẹ̀ sì ní ewu wà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí aláìsàn tó ń mí gúlegúle, tí ẹ̀rọ ìka ní dáadáa ló wà, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò lórí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ká bọ́ sórí ohun tí wọ́n kọ. Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jáde ní 2010. Àwọn 538 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn 273 yòókù ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀: "Mambo?" Bí a ó bá sọ ọ́ ní èdè wa, "Ṣé dáadáa ni?" Kò dárúkọ oògùn, kò dárúkọ àìsàn. Aláìsàn á dáhùn pé "Sawa", ìyẹn ni pé dáadáa ni, tàbí "Shida", ìyẹn ni pé ìṣòro wà. Ẹni tó bá ní ìṣòro wà, nọ́ọ̀sì á pè é. Ẹni tí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, nọ́ọ̀sì á pè é pẹ̀lú.

Nígbà tí ọdún kan pé, àwọn tó lo oògùn wọn bó ṣe yẹ jẹ́ 62 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n ń kí. Láàárín àwọn tí wọn kò kí, 50 ni. Wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: kòkòrò náà ti lọ sílẹ̀ lára 57 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́hùn-ún, 48 níhìn-ín.

Àwa tí à ń kí ara wa láti ìdájí títí dòru, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Bí aládùúgbò bá kí ọ láàárọ̀ tí kò gbọ́ ohùn rẹ, yóò wá kan ilẹ̀kùn. Wíwá tó wá kan ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn ará Kẹ́ńyà fi sínú fóònù.

Ẹlòmíràn lè ní fóònù náà ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo Kamẹrúùnù. Wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí pẹ̀lú 200 aláìsàn ní Yaoundé, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012. Àtẹ̀jíṣẹ́ lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìwúrí ni, ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyàtọ̀ gidi kan kò hàn láàárín àwọn tó rí i gbà àti àwọn tí kò rí i gbà. Ní Cape Town, níbi tí àwọn 1,372 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti kópa, èsì 2016 fi hàn pé lára àwọn tí wọ́n kàn ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà òkè nínú méjì tí a ń kọ sílẹ̀ bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fi nǹkan bí 2.2 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí kò rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà lọ. Wọ́n tún ní ọ̀wọ́ kan tó lè fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń dá wọn lóhùn. Ìyàtọ̀ tiwọn jẹ́ 1.6 péré.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni n ó fi mú yín padà sílé. Láàárín 2009 sí 2011, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ní agbègbè Afọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsà. Ètò adójútòófò ìlera ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san 300 náírà lọ́dún, wọ́n sì tún ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ètò náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ni wọ́n fi wọ́n wé. Lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè lọ sílẹ̀ ní 10.41 ní Afọ̀n, ó lọ sílẹ̀ ní 5.24 ní Àjàṣẹ́. Ìwádìí yìí àti ti Cape Town kò rí bákan náà, a kò lè kó wọn sórí òṣùwọ̀n kan. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá ìjọba ìbílẹ̀ yín pẹ̀lú áàpù tuntun, ẹ rántí Afọ̀n. Ẹ bi í pé oògùn ńkọ́. Fóònù tó ń rán màmá létí oògùn tí kò sí lórí àtẹ ń dá wọn lóró ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2019, sọ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lè rọ́pò ètò ìlera tó ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó dárúkọ Ebola, ó sì tọ́. Ní 2014, fóònù ran àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ́wọ́ láti fi ìròyìn ránṣẹ́ kíákíá, ìrírí yẹn ló sì bí SORMAS, ètò tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì àti NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, jọ ṣe láti máa tọpa àjàkálẹ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn 894 tó fara kan aláìsàn nígbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tọ̀ wọ́n lọ, nǹkan bí ìgbà 18,500. Nínú 20 tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Ìrìn ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ọ̀rọ̀ àṣírí. Fóònù màmá mi, ọwọ́ ọmọ mẹ́rin ló ń dé lóòjọ́. Ká ní àrùn HIV ni wọ́n ní, tí ilé ìwòsàn sì kọ orúkọ oògùn sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ọmọ kíláàsì kẹta ni yóò kà á sókè nínú àgbàlá. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi. Ìdí nìyí tí "Mambo?" fi wù mí. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á, ìkíni ló kà.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó wà níjòókòó béèrè ìbéèrè, nọ́ọ̀sì kan tó wá láti ọ̀nà Òmù-Àrán dìde. Ó ní: "Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì máa pe ẹni tí kò dáhùn. Èmi nìkan ni mo wà ní sẹ́ńtà wa. Ta ni yóò ra káàdì ìpè?" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Mo dá a lóhùn pé kí owó ìpè àti owó oṣù ẹni tí yóò pè ti wà nínú ìwé ìnáwó kí owó kọ̀ǹpútà tó wọ ibẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la jọ tún àtẹ̀jíṣẹ́ màmá mi kọ sójú pátákó. A yọ "lo" kúrò, a fi "mu" sí i, nítorí bí wọ́n kà á sí mu, bí wọ́n kà á sí mú, kò ní í gbé ọlọ wá. Ohun tí a kọ nìyí:

"E kaaro o. Se alaafia ni? E mu oogun yin. Bi ara ba ya, e fi 1 ranse. Bi ko ba ya, e fi 2 ranse."

Agbẹ̀bí àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ní kò tíì pé. Ó ní: "Ta ni mo ń dá lóhùn? Ẹ kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sí i." A kà á, àlàfo àti àmì gbogbo: 96 ni. Àyè 64 ṣẹ́ kù fún orúkọ.