Bí mo ṣe ń ṣètò ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè Cairngorms: máàpù, odò àti gààrí

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tẹ́ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí, pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí mo fi ń rìn lórí òkè fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí ṣọ́ọ̀bù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ò sí. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí ni mo sọnù sórí òkè tí mò ń wá kiri, ẹ̀yin yẹn ẹ ṣì dúró ná. Lónìí a ò ní gun òkè kankan, ìdí tábìlì la wà, torí ibẹ̀ ni ìrìn yìí ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Máàpù rèé, òwú ìránṣọ rèé, rúlà rèé, bírò rèé.

Cairngorms ní Scotland ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ẹni tó ń gbé London lè wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ní Euston, kó sùn, kó jí sí Aviemore láàárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́jọ́ yẹn gan-an láìyá mọ́tò. Ẹ ṣáà wò ó dáadáa kẹ́ẹ tó gba ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ o, ọkọ̀ ọ̀hún kì í lọ lálẹ́ Sátidé.

Ẹ wo ibi tí bírò mi wà. Ọjọ́ kìíní, a gbéra ní Coylumbridge, ìtòsí Aviemore, a gba ọ̀nà àárín òkè tí wọ́n ń pè ní Lairig Ghru, a sùn ní Corrour Bothy, ilé kékeré kan tí wọn kì í tì. Ọjọ́ kejì, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Derry Lodge, a wá yí sókè gba Glen Derry lọ sí Hutchison Hut, bothy mìíràn. Ọjọ́ kẹta, a gba Lairig an Laoigh, ọ̀nà àárín òkè mìíràn, dé Fords of Avon, ibi tí ọ̀nà ti gba inú odò kọjá, a sọdá, a já sí Glenmore, bọ́ọ̀sì gbé wa padà sí Aviemore. Ó yí po báyìí bí òrùka, mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Kó tó di pé a wọn nǹkan kan, ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ? Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé òkè Scotland ò ga. Lóòótọ́, Ben Macdui tó ga jù níbẹ̀, mítà 1,309 péré ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí Cairn Gorm, ọ̀kan nínú àwọn òkè ibẹ̀, ni wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ tó le jù tí wọ́n tíì wọ̀n rí ní UK, máìlì 173 ní wákàtí kan, oṣù March 1986 ni. Braemar, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn òkè yẹn, òtútù ibẹ̀ ti já wálẹ̀ dé 27.2 Celsius sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ lọ láàárín May sí ìbẹ̀rẹ̀ June. Ilẹ̀ kì í ṣú títí ó fi ń kọjá aago mẹ́wàá alẹ́, kantíkantí ò sì tíì pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ rò pé ẹ mọ kantíkantí, ẹ dúró dìgbà tẹ́ẹ bá pàgọ́ sétí omi ní July lálẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, wọ́n máa wọ inú ọbẹ̀, wọ́n máa wọ inú etí. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dà bo orí wà, kò wọ́n, ẹ rà á. September náà dáa, àmọ́ ilẹ̀ ti ń tètè ṣú nígbà yẹn.

Ó yá, máàpù. Eléyìí ni Ordnance Survey Landranger 36. 1:50,000 ni, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé, kìlómítà 1 ni nílẹ̀. Mo mọ̀ pé áàpù wà, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n fóònù tó tutù máa ń kú nígbà tẹ́ẹ nílò ẹ̀ jù, ìwé kì í kú. Ẹ wò mí báyìí o, mo fi ìka tẹ etí òwú mọ́ Coylumbridge, mo wá ń tẹ òwú lé ojú ọ̀nà, gbogbo kọ́nà tó bá yà ni mò ń bá a yà, mi ò fà á tààrà, torí ẹ̀yin náà ò ní fò. Ó dé Corrour. Mo di ibẹ̀ mú, mo nà án sórí rúlà, bíi sẹ̀ǹtímítà 38. Ẹ pín in sí méjì, kìlómítà 19.

Ìyẹn nìkan ò tó o. Ẹ tún wo àwọn ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ búráwùn yìí, láti orí ìlà kan sí èkejì, mítà 10 ni. Tí wọ́n bá fún pọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ga gọngọ nìyẹn. Láti Coylumbridge dé ibi tó ga jù nínú Lairig Ghru, tó jẹ́ mítà 835, ẹ máa gun bíi mítà 600. Ará Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní 1892 tí gbogbo wa ṣì ń lò dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, ẹ wá fi wákàtí kan mìíràn kún un fún mítà 600 tẹ́ẹ bá gùn. Kìlómítà 19 wá di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 48, pẹ̀lú wákàtí 1 fún òkè, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 48.

Ṣùgbọ́n Naismith ò mọ̀ pé ẹ gbé ìkòkò àti àgọ́ sẹ́yìn. Kò sì sẹ́ni tó ń yára rìn lórí àwọn òkúta ràbàtà tó wà lókè Lairig Ghru, ṣe lẹ máa ń fo láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Nítorí náà èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ kún un, ó di nǹkan bíi wákàtí 6 àti ààbọ̀, kẹ́ẹ wá fi ìsinmi, oúnjẹ àti fọ́tò kún un, ẹ pè é ní wákàtí 8. Tẹ́ẹ bá kúrò ní Coylumbridge laago 9, aago 5 lẹ máa dé. Mo máa ń kọ aago kan síbi tó ga jù yìí lórí máàpù fúnra ẹ̀, ẹ wò ó, aago 3. Tí aago 3 bá lù tí mi ò tíì débẹ̀, mo padà sẹ́yìn nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nílé ni pé èèyàn tó ti rẹ̀, tí òjò ti pa, kò sí irọ́ tí kò lè pa fún ara ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe ọjọ́ kejì, kìlómítà bíi 15, àti ọjọ́ kẹta tó lé ní 20. Mi ò ní wọn ìyẹn fún yín, ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo fídíò yìí rèé, ẹ má fò ó. Odò. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé òkè ló ń pani, wọn ò rò ti omi. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú lórí òkè yẹn, odò tẹ́ẹ fo lánàá lè mu yín dé itan lónìí, omi tó sì dé orúnkún tó ń sáré, ó tó gbé àgbàlagbà ṣubú pẹ̀lú ẹrù ẹ̀. Nítorí náà kí n tó kúrò nílé, gbogbo ibi tí ọ̀nà mi bá ti gba inú omi kọjá ni mo máa ń fi bírò pupa yí po. Àkọ́kọ́ ni odò Luibeg, ọjọ́ kejì. Ọ̀nà lọ tààrà sínú omi, àmọ́ ẹ wo òkè odò díẹ̀, afárá kan wà níbẹ̀. Mo sàmì sí afárá yẹn, ó parí.

Ìkejì ni Fords of Avon, ọjọ́ kẹta, eléyìí le. Kò sí afárá. Tí omi bá fà, ẹ máa fi ẹsẹ̀ lé òkúta kọjá. Tó bá kún, ẹ ò kọjá, ẹ ò sì gbìyànjú ẹ̀ wò. Yàrá kékeré kan wà lẹ́bàá ibẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi í ṣe ètò. Ìgbà tẹ́ẹ bá jí ní Hutchison Hut lẹ máa pinnu, kì í ṣe etí odò. Tẹ́ẹ bá gbọ́ òjò lóru, tí odò tó wà nítòsí ń ké kíkankíkan láàárọ̀, ẹ gbàgbé Glenmore, ẹ padà sọ̀ kalẹ̀ gba Glen Derry lọ sí Derry Lodge, ẹ kọjá sí Linn of Dee, ẹ bọ́ sórí títì lọ sí Braemar, bọ́ọ̀sì Aberdeen wà níbẹ̀. Mo ti ya fọ́tò aago bọ́ọ̀sì yẹn sínú fóònù mi kí n tó kúrò nílé. Mo tún máa ń ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́tọ̀ nínú àkáǹtì, torí tí kò bá sí owó, ẹ máa fẹ́ sọdá.

Ọ̀rọ̀ ibi tá a máa sùn ò gùn. Ní Scotland, òfin 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti pàgọ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọn ò ṣọgbà yí ká, láìsanwó, tẹ́ẹ bá ti kéré níye tẹ́ẹ ò sì pẹ́ jù lójú kan. Ní ibi tó pọ̀ jù ní England kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Bothy ní tiẹ̀, ilé kékeré tí wọn kì í tì ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sí iná, kò sí omi ẹ̀rọ, ẹni bá dé ló ń wọlé. Ẹ gbé àgọ́ dání bó ti wù kó rí, torí ẹ lè dé Corrour kẹ́ẹ bá èèyàn tó ti kún un. Oúnjẹ yín, ẹ so ó kọ́, eku ibẹ̀ ò níjà méjì. Ilé ìyàgbẹ́ wà ní Corrour, níbòmíràn ẹ fi ṣọ́bìrì kékeré gbẹ́ ihò, kó jìnnà sí omi tó mítà 30, kẹ́ẹ bò ó. Ẹ má dá iná igi, ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń jó wọ abẹ́.

Oúnjẹ wá kù, ibí yìí ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó tó ń ra oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá ní owó gọbọi. Gààrí wà! Gíráàmù 100 ẹ̀ ní nǹkan bíi kálórì 350, ẹ̀pà ní bíi 570, méjèèjì ò nílò iná. Ọ̀sán, mo rẹ gààrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣúgà àti mílíìkì oníyẹ̀fun. Alẹ́, mo se omi, mo fi tẹ ẹ̀bà, ata díndín tí mo ti dín gbẹ nílé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí mo ti rún wà nínú ike kékeré. Mo máa ń wọn ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tiẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo wá fi ti ọjọ́ kan kún un. Omi odò, ẹ sẹ́ ẹ tàbí kẹ́ẹ sè é. Agolo gáàsì, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ẹ gbé e wọ bàálù, tẹ́ẹ bá fò lọ sí Inverness, Aviemore ni kẹ́ẹ ti rà á.

Aṣọ, kíákíá: ẹ má wọ jíǹsì, ẹ má wọ ẹ̀wù òwú sára, tó bá ti tutù kò ní gbẹ mọ́. Wúùlù tàbí pólísítà, rénkóòtù gidi, fìlà, ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni, ní June náà. Bàtà tẹ́ẹ ti wọ̀ rìn dáadáa kó tó dọjọ́ yẹn. Lálẹ́, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, pàápàá abẹ́ orúnkún àti bèbè ìdí, wọ́n ń gbé àrùn Lyme.

Tó bá ku ọjọ́ kan, ẹ wo ojú ọjọ́ orí òkè lórí MWIS, ìkànnì tó ń sọ bí ojú ọjọ́ orí òkè ṣe máa rí, kì í ṣe ti ìgboro. Ẹ fi "register" ránṣẹ́ sí 999 nísinsìnyí, kẹ́ẹ lè fi tẹ́ẹ̀sì pè wọ́n níbi tí ohùn ò ti ní lọ, tẹ́ẹ bá pè, ọlọ́pàá lẹ máa béèrè, lẹ́yìn náà mountain rescue. Fèrè, ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un fọn. Kẹ́ẹ wá ya fọ́tò máàpù yìí pẹ̀lú bírò pupa tó wà lórí ẹ̀, ọ̀nà Braemar náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó máa ń gbé fóònù, kẹ́ẹ sọ aago tó yẹ kó pe ọlọ́pàá tí kò bá gbọ́ yín. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, mo máa ń fún un ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ kẹta. Tẹ́ẹ bá sì ti wọ bọ́ọ̀sì ní Glenmore, kẹ́ẹ tó tú bàtà, ẹ pè é.