Ọwọ́ Mélòó Ló Kan Aṣọ Yìí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa aláró, ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta wa níbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ bóyá iṣẹ́ ni Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, tó ń bójú tó òfin ìṣòwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ń fún wa, àbí ńṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìṣirò ìjọba nìkan kò lè dá wa lóhùn. Ní ìparí 2020, wọ́n ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lè ṣiṣẹ́ tó sì fẹ́ ṣe é ní Nàìjíríà ni kò níṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó di 4.1. Iṣẹ́ kọ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìkà ni wọ́n yí padà: ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́.

Aṣọ ni mo gbé wá ní tèmi. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ẹnì kan ta aṣọ funfun, ẹnì kan fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, ẹlòmíì rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sá a, wọ́n tún rẹ ẹ́, wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, wọ́n lù ú kó dán. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n díẹ̀ létí ìlà. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà. Nílùú yìí, ẹni tó tà á nìkan ló jẹ nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1995 ni Nàìjíríà ti wà nínú àjọ yìí; Ṣáínà wọlé ní oṣù Kejìlá 2001. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àjọ náà. Fàyàwọ́ tó ń gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wọlé, WTO kọ́ ló rán an. Aṣọ funfun àti aró oníyẹ̀fun tí ẹ̀ ń lò ńkọ́? Òkè òkun ni púpọ̀ wọn ti ń wá. Bí a bá ti ilẹ̀kùn pa lọ́la, aláró gan-an ni yóò kọ́kọ́ káwọ́ gbera.

Ohun tó ń dùn mí ni pé inú ìwé àjọ náà ni ohun tí a lè fi jà wà. Abala 22 àdéhùn TRIPS, èyí tó dá lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ àtinúdá àti orúkọ ọjà, ní kí orílẹ̀-èdè dáàbò bo orúkọ ọjà tó gbayì nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ ni Faransé ní lórí Champagne, tí Íńdíà ní lórí tíì Darjeeling. Kò ní dá aṣọ Ṣáínà dúró ní èbúté o, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò lè pè é ní àdìrẹ Abẹ́òkúta mọ́.

Ìyá kan níwájú bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ni yóò bá wa kọ orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin?”

Mo ní, “Ẹ̀yin fúnra yín ni, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tó ń jẹ́ àdìrẹ Abẹ́òkúta: aró wo, ẹ̀kọ wo, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni.”

Ó na ọwọ́ sókè, èékánná rẹ̀ dúdú fún aró. Ó ní ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ni kí wọ́n kọ síwájú. Ẹni tó jókòó tì í ní rárá, ẹ̀lú ti wọ́n jù. A ò tíì parí ìjíròrò náà nígbà tí ilẹ̀ ṣú.