Ta ló ń kọ orin yẹn? Bí a ṣe lè wo fíìmù àwọn ajìjàgbara

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo ti ba fíìmù kan jẹ́ rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́, mi ò ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

Ìyá bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìlódè, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo bá màmá, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé fóònù ka orí àpótí, mo ní kí wọ́n bá mi kọ orin tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ nígbà ìjà owó-orí. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan: “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san, ọ̀kẹ́ mẹ́fà!” Wọ́n fi èébú sí i fún agbowó-orí, èébú tí mi ò lè tún sọ níbí. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ wọ́n lára ni ẹnìkan tan ẹ̀rọ ata lójúlé kejì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, kí ariwo yẹn rọlẹ̀, ká tún un gbà.”

Màmá dúró. Wọ́n wọlé lọ wé gèlè. Nígbà tí ẹ̀rọ ata dákẹ́, wọ́n jókòó gbagidi bí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ orin náà jẹ́jẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún. Èébú ti pòórá. Ìlù orí itan ti lọ. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o ti rí i gbà báyìí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín orin ìkíní àti ìkejì yẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ wa la fẹ́ràn dọ́kúmẹ́ǹtárì nípa àwọn ajìjàgbara. A ó rí èrò lójú títì, ọlọ́pàá, tajútajú, orin á sì máa dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Orin yẹn la máa ń gbà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Èmi sọ pé ẹlẹ́rìí ni, ẹlẹ́rìí a sì máa dáhùn ìbéèrè. Ta ló ń kọ ọ́? Ìgbà wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀? Ṣé ibi tí ojú wa ń wò yìí gan-an ni ohùn yẹn ti wá?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà tó ń ya àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Ẹni tó ń to fíìmù lè mú orin tí wọ́n kọ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀, kó fi bo ìwọ́de tó wáyé ní ọdún mìíràn, ní ìlú mìíràn. Ẹ wo ẹnu àwọn èrò. Bí ẹnu wọn bá ń lọ sósì tí orin ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n fi lé e lórí ni. Kì í ṣe pé ó burú o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó yé wa pé ẹnìkan ló yàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú Amandla!, fíìmù tí Lee Hirsch gbé jáde ní 2002 nípa orin ìjàgbara ní South Africa. Ibojì ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Egungun Vuyisile Mini ni wọ́n ń wá. Mini jẹ́ olórin, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Port Elizabeth. Ìjọba apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà àwọn òyìnbó ibẹ̀, yẹgi fún un ní Pretoria ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, wọ́n sì sin ín bí ẹni tí kò ní ẹbí. Òun ló ṣe orin tó ń kìlọ̀ fún Verwoerd, olórí ìjọba ìgbà náà, pé kó ṣọ́ra, ènìyàn dúdú rè é. Ẹni tí kò gbédè wọn á rò pé orin ìgbéyàwó ni. Ó dùn, ó ṣeé jó. Ẹ fojú inú wò ó: ikú ni wọ́n ń ṣèlérí fún olórí ìjọba, ìdí sì ń mì.

Ibi tí mo máa ń dá fíìmù yẹn dúró kí n tún un wò ni ibi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọlọ́pàá àtijọ́ lẹ́nu wò nípa toyi-toyi. Ijó ìwọ́de ni toyi-toyi: orúnkún á máa gòkè, ẹsẹ̀ á máa balẹ̀ kì, kì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á sì máa gbe orin bọ̀ lójú títì kan náà. Àwọn tó gbé ìbọn ló ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ rí i, ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló máa ń lọ bá ẹni tó kọ orin. Ẹni tí wọ́n kọ orin sí lójú, ta ló máa ń bi í?

Ẹ jẹ́ ká padà wálé díẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ní Ifẹ̀ yìí mọ àlùtá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe ìwọ́de, àlùtá ni wọ́n ń lọ. Orin tí wọ́n ń kọ, orin àlùtá ni. Ẹni tó ń ta ọjà lẹ́bàá géètì kámpọ́ọ̀sì, tó bá ti gbọ́ ọ, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Mo ti bá àwọn kan pàdé tí wọ́n rò pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà, bóyá nítorí pé “ìlù” dún nínú rẹ̀. Èdè Potogí ni. “A luta continua”, ìjà ṣì ń bá a lọ, ni àwọn FRELIMO, ẹgbẹ́ ajìjàgbara Mòsáńbíìkì, ń ké nígbà tí wọ́n gbé ìbọn sí àwọn Potogí láti 1964 títí di 1974, kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1975. Ní 1972, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Robert Van Lierop, gbé fíìmù jáde nípa ìjà yẹn, A Luta Continua gan-an ló sì pè é. Miriam Makeba náà sọ ọ́ di orin. Ọ̀rọ̀ tó kúrò nínú igbó Mòsáńbíìkì ló wá di ohun tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń pariwo níwájú Oduduwa Hall.

Kí n má gbàgbé: ní 1983, nígbà tí Wole Soyinka ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kan náà yìí, ó kọ orin ìfẹ̀hónúhàn sínú àwo tó pè ní Unlimited Liability Company, Tunji Oyelana ló gbé e sẹ́nu. Ìjọba Shagari ni àwo náà ń ro lẹ́jọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ rí i pé ẹni tí kò ní ka ìwé òun á gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nílé ọlọ́tí.

Ti Fela ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya bo Kalakuta, ilé Fela ní Èkó, wọ́n lu èrò ibẹ̀ bí ẹni máa kú, wọ́n sì ju ìyá Fela, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Màmá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Fela ń ṣe fíìmù nípa ayé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn, The Black President ni yóò jẹ́. Iná tó jó ilé ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Jean-Jacques Flori àti Stéphane Tchalgadjieff ti Faransé gbé kámẹ́rà wá, tí wọ́n ṣe Music Is the Weapon. Fíìmù yẹn dára, mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́rin. Àmọ́ nígbàkúgbà tí mo bá ń wò ó, mo máa ń rántí pé ti onílé jóná, ti àlejò ló kù. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ló dáná sun ilé. Fela mú gbólóhùn yẹn bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ di orúkọ àwo orin: Unknown Soldier. Ẹjọ́ tí kóòtù kò dá fún un, orin ló fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ló ni orin yẹn, ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó-orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí Tafa Adeoye ti Akanran lẹ́bàá Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ẹ gbọ́ ìṣirò inú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Nígbà tí owó òyìnbó dé, wọ́n ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà wá di ṣílè ọgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń ná owó ẹyọ mọ́ ní 1968, ṣùgbọ́n ẹnu àgbẹ̀ ṣì ń fi í ṣírò owó ìjọba. Ìjọba ń ka pọ́n-ùn, àgbẹ̀ ń ka ọ̀kẹ́. Kò sí kámẹ́rà tó lè ya ìyẹn. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bá wọn dá sí i ní 1969, pọ́n-ùn méjì ni owó-orí dúró sí, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Nígbà tí mo sọ fún màmá pé ọ̀kẹ́ méjì lé lórí iye tí wọ́n kọ lórin, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ, ṣé o kì í nájà ni?”

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, mi ò gbàgbé yín. Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí kò sí àwòrán tó ń rìn ti Ogedengbe Agbógungbórò lójú ogun. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kọ̀ láti máa sin Ìbàdàn mọ́. 1893 ni wọ́n tú bùdó ogun ká. Ọdún 1895 ni àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó lọ́wọ́ èrò láti wo sinimá ní Paris. Kámẹ́rà pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ ogun yẹn pè: kí-rì-jí. Ìró ìbọn ni, bó ṣe ń ta láàárín àwọn òkè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dọ́kúmẹ́ǹtárì nípa rẹ̀ lónìí, kó má wulẹ̀ kó ọmọ iṣẹ́ jọ kí wọ́n máa fi igi ṣe ìbọn. Kó lọ jókòó ti àwọn àgbà ní Iléṣà, kó gba oríkì àti orin ogun sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí àgbà kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀, kódà bí adìyẹ bá ń ké lẹ́yìn.

Ó dára. Ẹ̀dà ìkejì ti màmá, èyí tí wọ́n ti wé gèlè, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ìkíní tí mo lérò pé ó bàjẹ́ ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò fọ ohùn rẹ̀, mi ò gé èébú rẹ̀. Màmá ní kí n má gé e. Ẹ tẹ́tí sí i. Ìlù itan lẹ kọ́kọ́ máa gbọ́, ẹ̀rọ ata á sì wọlé ní ìlà kẹta.