18 Kí Ni? Bí Dátà Ṣe Ń Di Ìmọ̀

Ẹ wo ìwé yìí. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ìwé ọjà Màámi ni, èyí tí wọ́n máa ń tì sábẹ́ àpò gàrí. Ewé rẹ̀ ti pọ́n, epo ti kán sí i. Láàárín ojú ewé yìí, wọ́n kọ "18", wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. 18 kí ni? Kóńgò ni? Ẹgbẹ̀rún náírà ni? Ọjọ́ inú oṣù ni? Ẹ fi sọ́kàn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà ni mo gbé wá lónìí. Rárá o, kì í ṣe dátà tí ẹ ń rà sórí fóònù, tó máa ń tán kí fíìmù tó dé ibi tó dùn. Dátà tí mo ń wí ni ohunkóhun tí a bá kà, tí a wọ̀n, tí a kọ sílẹ̀ tàbí tí a yà ní fọ́tò. Bó ṣe wà yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá tò ó, tí a sì mọ ohun tó ń tọ́ka sí, ó di ìsọfúnni. Tí ìsọfúnni yẹn bá wá yé wa débi pé a lè torí rẹ̀ yí ohun tí à ń ṣe padà, ìgbà yẹn ló tó di ìmọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Nítorí pé ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ rò pé uyán ni n óò fi ṣe àpèjúwe: iṣu ni dátà, odó ni kọ̀ǹpútà, uyán ni ìmọ̀. N kò ṣe. Gbogbo ayé ló ń fi uyán wa ṣe àpèjúwe gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ kí uyán sinmi lónìí.

Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣì í nìyí, ẹ dákun ẹ fetí sílẹ̀: ÌGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń KỌ NǸKAN SÍLẸ̀ GAN-AN NI KÍ Ẹ KỌ OHUN TÓ JẸ́ MỌ́ ỌN. Kì í ṣe lálẹ́. Kì í ṣe tí iná bá dé. Ẹ ní ẹ ò ní gbàgbé? Irọ́ ni, ẹ máa gbàgbé. Fọ́tò rìsíìtì tó lé ní igba ló wà lórí fóònù mi, n ò sì mọ èyí tí mo fi ra símẹ́ǹtì yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ra oògùn ajá.

Ẹ tiẹ̀ wo kóńgò fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ "gàrí, kóńgò 10" rò pé òun ti kọ nǹkan. Kóńgò ta ni? Èyí tí wọ́n wọ̀n tó ga bí òkè Olósùnta ni, àbí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gé lórí? Èyí tí ìdí rẹ̀ pé ni, àbí èyí tí wọ́n ti fi òòlù tẹ̀ wọnú? Nítorí náà: ọjọ́ wo, ìwọ̀n wo, ibo, ta ló sọ ọ́. Mo tún un sọ. Ọjọ́! Ìwọ̀n! Ibi! Ẹni tó sọ ọ́! Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, ẹni tó máa ka ìwé yín lọ́la á kàn máa méfò lásán ni.

Èmi tí mo ń pariwo yìí náà ti ṣubú rí, ibòmíràn ni tèmi sì wà. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo kó iye tí Màámi tà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà sínú Excel, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to nọ́mbà. Ọjọ́ wà níbẹ̀, ìwọ̀n wà níbẹ̀, inú mi ń dùn. Mo ní kó yà á fún mi láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú, kí n lè mọ ọjọ́ tí gàrí ń tà jù. Àwòrán jáde, gbogbo ọ̀pá dọ́gba! Ọjọ́ Ajé kò ju Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ kò ju Àbámẹ́ta. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Màámi, kò sí ọjọ́ tí ẹ ń tà jù o, bákan náà ni gbogbo rẹ̀." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ọjọ́ Ajé la fi ń ná ọjà níbí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ìlú wa! Ẹ bá mi kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á, tí a ó ka òní mọ́ ọn. Ọjà bọ́ sí ọjọ́ Ajé: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni ọrún rẹ̀. Láti Ẹtì, ó di Ìṣẹ́gun. Láti Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 ló fi ń yí po, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí kò ní kàn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré. Èmi wá ń tò ó ní méje méje! Ṣe ni mo ń po ọjọ́ ọjà pọ̀ mọ́ ọjọ́ lásán, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dọ́gba mọ́ mi lójú.

Tí a kò bá ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà ń padà wá. Mo tún un tò ní mẹ́rin mẹ́rin. Háà! Ọ̀pá kan yọ gogoro, mẹ́ta yòókù wà nílẹ̀.

N ò fi nọ́mbà kankan kún un, n ò sì yọ ọ̀kan kúrò. DÁTÀ KÒ YÍ PADÀ, ÌBÉÈRÈ LÓ YÍ PADÀ. Ẹ gbọ́? Ìbéèrè ló yí padà. Excel kò mọ ọrún, Màámi mọ̀ ọ́n. Ọlọ́kọ̀ tó ń kó gàrí wá fún wọn, ọjọọjọ́ Ajé ló máa ń wá. Nígbà mìíràn, ẹrù á dé lọ́la ọjọ́ ọjà, á sì máa gbatẹ́gùn. Nígbà mìíràn, gàrí á ti tán kí ọjà tó tún ná. A fi àwòrán kejì yẹn hàn án, ó wò ó, ó sì gbà láti máa wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà. Ìmọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àwòrán yẹn o, ọkọ̀ tó yí ọjọ́ padà yẹn ni.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀, mo fẹ́ràn èyí jù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, 256 ló máa fún yín: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Ẹ wá wo inú kọ̀ǹpútà: bit ni ohun kékeré tó lè jẹ́ 0 tàbí 1. Bit mẹ́jọ ló ń jẹ́ byte kan, byte kan sì lè jẹ́ oríṣi 256. N ò sọ pé Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà o! Ẹ má lọ gbé e sórí Facebook pé mo wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tó rí bí èso ṣe sùn sílẹ̀ ti rí dátà. Ẹni tó lè pè é pé Ìwòrì Méjì ni ti ní ìsọfúnni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ Ifá tó wà lábẹ́ odù kan ṣoṣo yẹn, ta ló mọ èyí tó bá ọ̀ràn ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ mu? Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ìyẹn. Kò sí ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ fún ẹni tó kàn mọ èso kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní London ní 1854. Àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ènìyàn ní àdúgbò Soho, wọ́n sì gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Orúkọ àwọn tó kú wà nínú ìwé ìjọba, dátà wà nílẹ̀. Dókítà John Snow gba àkọsílẹ̀ yẹn, ó ń ti ilé dé ilé, ìbéèrè rẹ̀ sì ni pé: omi ibo ni wọ́n ń mu? Ẹ̀rọ omi Broad Street. Àwọn tí ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn kò bá èyí mu ló dùn mọ́ mi jù. Obìnrin kan kú sí Hampstead, níbi tó jìnnà. Ó fẹ́ràn omi Broad Street débi pé wọ́n ń gbé e lọ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí bíà tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà kò kú, bíà ni wọ́n ń mu! Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá ló wá fi gbogbo rẹ̀ sórí máàpù tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sáré, ilẹ̀ ń ṣú. Orúkọ fáìlì: ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, 2025-03-14-gàrí. Fóònù á tò wọ́n fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ọjọ́ ṣáájú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní àti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá á máa sùn lórí ẹní kan náà. Ẹ̀dà: kó jẹ́ mẹ́ta, sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tí kì í ṣe ilé yín. Fóònù mi bọ́ sómi ní Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù gan-an. Fídíò ni mo fẹ́ yà. Fọ́tò ọdún mẹ́ta bómi lọ.

WhatsApp ńkọ́? Tí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kọjá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dà? Ẹ rántí mẹ́rin wa. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ya ìwé gbèsè ní fọ́tò, tí ẹ ń gbé orúkọ àti nọ́mbà oníbàárà sórí status, ẹ ṣọ́ra o. Láti 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà.

Ìwé gbèsè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé 18. Mo bi Màámi lánàá. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe gàrí tí o kó lọ sí yunifásítì lọ́dún tí o wọlé ni, tí o ní o máa san án tí o bá ríṣẹ́? Kóńgò 18."

Mo ní, "Kóńgò wo, Màámi?"

Wọ́n ní, "Èyí tó ga bí Olósùnta."