Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìdí Tí A Fi Ń Tú Tinú Wa Síta Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Kí ló dé tí ẹni tí kò lè sọ ohun tó ń dùn ún fún ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń gbélé fi ń kọ ọ́ síta fún 300 èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀pọ̀ máa ń ní àìlọ́gbọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn. Ọlọ́gbọ́n náà ń ṣe é.

Àwa Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá jókòó ti ẹnìkan, ojú rẹ̀ la fi ń wọn ohun tí a ó sọ: bó bá fajú ro, a ó gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíì, bó bá ṣẹ́jú sí wa, a mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Fóònù ò lójú. John Suler, olùkọ́ ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Rider l'Amẹ́ríkà, ka ohun mẹ́fà sílẹ̀ ní 2004 tó ń mú kí ìjánu bọ́ lẹ́nu wa níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé nínú wọn ni pé, bí a bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹni tí a ò rí, inú orí tiwa la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwa la fún un ní ohùn, àwa la fún un ní ìwà. Ó wá dà bíi pé ara wa là ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni yóò sì fi àṣírí pamọ́ fún ara rẹ̀?

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ náà ń tàn wá. Ní 2011, Leslie John, Alessandro Acquisti àti George Loewenstein gbé ìwádìí kan jáde. Ìbéèrè nípa ìwà tó ń tini lójú ni wọ́n bi àwọn èèyàn. Àwọn kan rí i lórí ojúewé tó gún régé, tó ní àmì yunifásítì. Àwọn mìíràn rí i lórí èyí tó rí jákujàku bí eré ọmọdé. Ojúewé jákujàku yẹn ni wọ́n jẹ́wọ́ fún jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí wọ́n sá fún. Ìdí rèé tí àwọn ìbéèrè àwàdà orí Facebook fi ń múni: orúkọ ilé wo ni ìyá yín ń jẹ́ kó tó lọ́kọ? Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo lẹ lọ? Ẹ̀rín lèèyàn fi ń dáhùn, láì rántí pé irú ìbéèrè tí a fi ń gba páásíwọ́ọ̀dù tó sọnù padà nìyẹn.

Olùwádìí kan, Youngme Moon, fi hàn ní 2000 pé, bí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀ kó tó béèrè, àwọn èèyàn á sọ tinú wọn fún un ju bó bá kàn béèrè lọ. Kọ̀ǹpútà lásán! Ọmọ Yahoo tó ń díbọ́n pé ìyàwó òun ti kú mọ èyí dáadáa. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sunkún. Ẹni tẹ́ ẹ ò tíì fojú rí, tó tú gbogbo ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbèsè ló ń dá sí yín lọ́rùn.

Ní ti status WhatsApp, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń gbé e, àmọ́ bí onílé, ọ̀gá ibiṣẹ́ àti télọ̀ bá ti jọ ní nọ́ńbà ara yín, wọn yóò rí i. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Privacy, ẹ tẹ Status, kẹ́ ẹ mú Only share with, kẹ́ ẹ sì yan orúkọ. Kẹ́ ẹ tó gbé e ni kẹ́ ẹ ṣe é o, torí àyípadà yìí kì í kan èyí tó ti jáde. Wákàtí 24 ló ń lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ti gbà á lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀.

N ò ní kẹ́nikẹ́ni gbé ìbànújẹ́ mì. Nínú ìwádìí James Pennebaker àti Sandra Beall tó jáde ní 1986, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ohun tó dùn wọ́n jù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, alẹ́ mẹ́rin léra. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mọ́ láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e bíi ti àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò bá wọn tẹ like. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ń jó yín lọ́kàn lóru, ìwé àti bírò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́, ẹ yan ẹnìkan, kẹ́ ẹ lọ bá a nílé.